Ṣé kí kọ́ńpìnnì ra jíìpù fún mi, àbí kí n rà á fúnra mi? Ọ̀rọ̀ owó-orí fún àwa tí a wà ní UK

Ọlọ́gbà_Kent

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kọ́ńpìnnì kékeré kan níbí ní Kent. Èmi nìkan ni dáírẹ́kítọ̀, àwọn ọmọkùnrin méjì kan ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ọgbà àti fẹ́ǹsì là ń ṣe. Van tí à ń lò báyìí kò lè fa tírélà tí a gbé katakata kékeré lé, bí òjò bá sì ti rọ̀, ẹrẹ̀ ló máa ń rì sí lóko àwọn oníbàárà.

Mo wá ń wo jíìpù. Land Rover Defender oníjòókòó márùn-ún ló wù mí, kí n lè máa fi gbé àwọn ọmọ iṣẹ́, kí n sì lè, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, máa fi gbé ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má fi owó ara mi rà á. Ó ní kí kọ́ńpìnnì rà á, pé VAT á padà wá, owó-orí á sì wálẹ̀ wọọ́, torí pé jíìpù tó ń wọ oko, ọkọ̀ iṣẹ́ ni. A ti forúkọ sílẹ̀ fún VAT. Èrè wa lọ́dún, bíi £45,000 ni. Ṣé òótọ́ lọ̀rẹ́ mi sọ?

Oníná_Leeds

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ yín fẹ́ tì yín sí kòtò. Ìjókòó márùn-ún tí ẹ mẹ́nu bà yẹn gan-an ni wàhálà. Ẹ jẹ́ kí Àǹtí_Ìṣirò dé, wọ́n á là á yé yín.

Alásè_Peckham

Mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀ síbí o. Èmi náà ń wo Range Rover fún kọ́ńpìnnì ìsè mi. Ìkòkò ìrẹsì ò ṣáà lè wọ bọ́ọ̀sì.

Àǹtí_Ìṣirò

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Akáńtáǹtì ni mí ní Manchester, irú ìbéèrè yìí ni mo sì máa ń dáhùn títí ilẹ̀ fi ń ṣú bí oṣù March bá ti wọlé. Gbogbo iye tí mo bá dá síbí, ti ọdún owó-orí 2025/26 ni.

Kò sí jíìpù nínú ìwé òfin owó-orí. Bóyá táyà mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì ń yí tàbí méjì, kò kan HMRC, àjọ tó ń gba owó-orí. Ohun tí wọ́n máa bi yín ni pé, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọkọ̀ yìí, ẹrù ni wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ọ jù, àbí èèyàn? Bó bá jẹ́ ẹrù, van ni. Bí kò bá jẹ́ ẹrù, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, kódà kí ẹrẹ̀ bò ó dé òrùlé. Defender oníjòókòó márùn-ún, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Range Rover ti Alásè náà, bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti Ọlọ́gbà. Ká ní £70,000 ni iye tí iléeṣẹ́ tó ṣe é dá lé e ní tuntun, dísù ló sì ń mu. Lọ́rọ̀ VAT, kọ́bọ̀ ò ní padà. VAT orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í padà àfi bí ẹ bá lè fi hàn pé iṣẹ́ nìkan lọkọ̀ náà wà fún, tí kò sì sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti fi jáde fún tara rẹ̀. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lórí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀, kí ló fẹ́ fi hàn?

Ó wá kan èrè kọ́ńpìnnì. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí èéfín CO2 rẹ̀ bá ti ju 50g lọ ní kìlómítà kan, 6% ni ìjọba máa jẹ́ kí ẹ yọ nínú èrè lọ́dọọdún, 6% ohun tó bá sì ṣẹ́ kù lọ́dún kọ̀ọ̀kan ni. Lọ́dún àkọ́kọ́, £4,200 nìyẹn. Kọ́ńpìnnì tí èrè rẹ̀ kò bá ju £50,000 lọ, 19% ló ń san, nítorí náà £798 péré ni owó-orí fi dín kù fún yín. Tí ọdún mẹ́wàá bá fi máa pé, ohun tí ẹ ò tíì rí yọ nínú £70,000 yẹn ṣì máa lé ní £37,000, nígbà tí Defender fúnra rẹ̀ á ti máa wo ọ̀nà èbúté Cotonou.

Ibi tó ń ta èèyàn lára jù ni BIK (Benefit in Kind), owó-orí lórí ohun ìní kọ́ńpìnnì tí ẹ ń fi ṣe tara yín. Kọ́ńpìnnì ló ni ọkọ̀, ẹ sì lè fi lọ síbi tó bá wù yín, ìjọba á wá ṣe bí ẹni pé owó oṣù ni wọ́n fi kún fún yín. Fún ọkọ̀ dísù ńlá bẹ́ẹ̀, 37% iye rẹ̀ ni wọ́n máa kà sí yín lọ́rùn, £25,900. Ẹni tó wà ní ipele 20% á san £5,180 lọ́dún, ẹni tó wà ní 40% á san £10,360. Kọ́ńpìnnì náà á tún san National Insurance lórí ẹ̀, Class 1A, 15%, ìyẹn £3,885. Ọdọọdún ni o, títí ọkọ̀ á fi kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì rò pé àlòkù ló máa gbà yín: bí ẹ bá rà á ní £30,000, iye rẹ̀ ọjọ́ tó wà ní tuntun ni wọ́n ṣì máa fi ṣírò.

Ẹ gba £798, ẹ san ohun tó lé ní £9,000. Ọ̀rẹ́ yín nìyẹn.

Bí kọ́ńpìnnì bá tún wá ń ra epo tí ẹ fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, £10,434 míràn ni wọ́n máa kà kún owó oṣù yín, ì báà ṣe jálá kan lẹ lò fún tara yín ní gbogbo ọdún. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa ra epo ìyẹn, tàbí kí ẹ san gbogbo rẹ̀ padà fún kọ́ńpìnnì.

Alásè_Peckham

Yéè! Mo ti pa ojú ìwé Range Rover náà dé. Ṣùgbọ́n Àǹtí, bí mo bá kọ orúkọ kọ́ńpìnnì gàdàgbà sára ẹ̀ ńkọ́? Tí nọ́ńbà fóònù mi wà lẹ́yìn ẹ̀?

Àǹtí_Ìṣirò

Owó tí ẹ san fún ẹni tó kọ ọ́ lẹ máa rí yọ nínú èrè gẹ́gẹ́ bí ìpolówó. Ọkọ̀ ò di van torí pé wọ́n kọ nǹkan sí i lára.

Bàbá_Ìbejì

Àbúrò, gbogbo eléyìí ti gùn jù. Lọ ra pick-up. Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin ni mò ń lò níbí ní Essex láti 2022, kọ́ńpìnnì ló rà á, VAT rẹ̀ padà, wọ́n jẹ́ kí n yọ gbogbo iye rẹ̀ nínú èrè ọdún yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, owó van ni mo sì ń san lórí ẹ̀ bí mo tilẹ̀ ń fi gbé àwọn ìbejì lọ síléèwé. Márùn-ún là ń wọ̀ ọ́. Ó ń fa tírélà, ó ń wọ ẹrẹ̀. Nílé, ta ni kò mọ Hilux?

Àǹtí_Ìṣirò

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ fún Hilux tiyín. Ilẹ̀kùn tí ẹ gbà wọlé ni wọ́n ti tì.

Láyé ọjọ́un, pick-up onílẹ̀kùn mẹ́rin tó bá lè gbé ẹrù tọ́ọ̀nù kan, HMRC gbà pé van ni. Lóṣù February 2024 wọ́n kéde pé ó di ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Àwọn àgbẹ̀ àtàwọn tó ń ta ọkọ̀ figbe ta, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà ni ìjọba kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ìjọba tuntun dé, wọ́n sì gbé e padà wá nínú ìṣúná October 2024. Láti 6 April 2025, pick-up onílẹ̀kùn mẹ́rin tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni lójú BIK. Ní ti yíyọ iye rẹ̀ nínú èrè kọ́ńpìnnì, láti 1 April ni. Yàtọ̀ sí ti VAT, gbogbo ìṣirò tí mo ṣe lórí Defender ló bá a níbẹ̀.

Ti Bàbá_Ìbejì kò yí padà, torí pé ó ti wà lọ́wọ́ wọn ṣáájú. Owó van ni wọ́n á máa san lọ títí wọ́n á fi tà á, tàbí títí di 5 April 2029, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Nítorí náà Bàbá, ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò ọkọ̀ kankan fi tuntun dán yín lójú o.

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé VAT kò bá wọn yí. Pick-up tó bá lè gbé 1,000kg tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lójú VAT, kì í ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, VAT rẹ̀ sì ń padà, àfi apá tí ẹ bá fi ṣe tara yín. Ọkọ̀ kan, HMRC kan, orúkọ méjì. Ẹ sì ṣọ́ra fún ìdérí líle tí wọ́n máa ń gbé lé ẹ̀yìn rẹ̀: 45kg ni HMRC ń kà á sí. Bí ìwé ọkọ̀ bá sọ pé 1,010kg ló lè gbé, tí ẹ bá ti de ìdérí yẹn mọ́ ọn, ó ti di 965kg, VAT ti lọ. Mo ti rí i nínú ìwé oníbàárà kan rí, ìdérí tí kò tó £2,000 fẹ́ gba VAT odindi ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e lé e ni kí ẹ wo ìwé.

Bàbá_Ìbejì

2029! Ó dáa, ó ṣì kù díẹ̀. Ẹ ṣé o, ìyá.

Oníná_Leeds

Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́gbà, bó bá jẹ́ Defender náà ló wù yín, ó ní èyí tí wọ́n ń pè ní Hard Top. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n dìídì ṣe é. Ìjókòó iwájú nìkan ló ní. Lẹ́yìn, páànù ló wà níbi tó yẹ kí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ wà, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ fún ẹrù, wọ́n sì fi nǹkan pààlà láàárín awakọ̀ àti ẹrù. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ó sì ń fa 3,500kg. Èmi ò ní in o, pick-up onílẹ̀kùn méjì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni tèmi, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà la jọ gbà: van la jẹ́.

Àǹtí_Ìṣirò

Oníná ti wọ ibi tí mò ń lọ. Ká ní £50,000 ni Hard Top náà, VAT £10,000 lórí ẹ̀. VAT yẹn ń padà. Àwọn tó wà lórí Flat Rate, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdá kan pàtó nínú owó tó wọlé san VAT, pàápàá lè gba ti ọkọ̀ akẹ́rù, nítorí pé nǹkan iṣẹ́ tí iye rẹ̀ tó £2,000 pẹ̀lú VAT ni. £50,000 tó kù, Annual Investment Allowance (AIA) máa jẹ́ kí ẹ yọ gbogbo rẹ̀ nínú èrè ọdún kan náà. Ọlọ́gbà ní £45,000 lèrè, ìyẹn ni pé owó-orí £8,550 tó yẹ kí kọ́ńpìnnì san á pòórá, £5,000 tó ṣẹ́ kù á di àdánù tí a lè gbé padà sí ọdún tó kọjá tàbí gbé síwájú. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú inú wò ó: èrè £45,000, ọkọ̀ £50,000. Owó tí ẹ ò ní, ẹ má ná an torí kí ẹ lè gba 19% rẹ̀. Àlòkù tó dáa ní £25,000 náà ní AIA tirẹ̀.

Lórí ẹ̀yin fúnra yín, BIK ti van kò wo iye ọkọ̀ rárá. £4,020 ni wọ́n ń kà, ì báà jẹ́ van ògbólógbòó. Ní ipele 20%, £804 lẹ máa san lọ́dún. Kọ́ńpìnnì á san £603. Bó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ àti lílọ-bíbọ̀ láàárín ilé àti ibi iṣẹ́ nìkan lẹ fi ń ṣe, òdo ni.

Nígbà tí ẹ bá ń tà á, ẹ ó fi VAT lé e, torí pé ẹ gba ti àkọ́kọ́. Owó tí ẹ bá sì tà á, èrè kọ́ńpìnnì ló ń padà sí.

Ọlọ́gbà_Kent

Àǹtí, Ọlọ́run á bù kún yín. Ó wá ku ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjókòó iwájú ṣáà wà. Bí èmi àti ìyàwó bá gbé e lọ sí òde lọ́jọ́ Saturday nìkan ńkọ́? Ta ló máa mọ̀?

Àǹtí_Ìṣirò

Àbí ẹ ò mọ̀ pé àwa Yorùbá máa ń ya fọ́tò sí Facebook? Aṣọ ẹbí, gèlè, Hard Top lẹ́yìn.

Àpẹẹrẹ tí HMRC fúnra wọn fún wa rèé. Kí èèyàn fi van gbé mátírẹ́ẹ̀sì tó ti gbó lọ sí ààtàn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kò burú. Kí ó yà ra ìwé ìròyìn bó ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, kò burú. Kí ó dúró lọ́dọ̀ dókítà eyín bó ṣe ń bọ̀ nílé, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ó máa fi lọ ra oúnjẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ti kọjá ààlà. Kí ó fi lọ lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, ó ti kọjá. Kí ó máa fi lọ sí ibi fàájì lẹ́yìn iṣẹ́, ó ti kọjá. Òwàǹbẹ̀ wà nínú ìyẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Sunday náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ máa lọ, ẹ lọ, kí ẹ kàn san £804 yẹn. Fún odindi ọdún, kò wọ́n. Ohun tí mi ò fẹ́ ni pé kí ẹ máa lọ, kí ẹ sì kọ òdo sínú ìwé.

Alásè_Peckham

Wọ́n ní ọkọ̀ tí gbogbo òṣìṣẹ́ jọ ń lò kì í ní BIK. Àwọn ọmọ tó ń bá mi sè náà ń wa ọkọ̀ mi.

Àǹtí_Ìṣirò

Pool car nìyẹn. Ó wà lóòótọ́, àmọ́ ó le. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ju ẹnì kan lọ ló ń lò ó, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ló gbà á mọ́ra, kò gbọ́dọ̀ máa sùn nílé òṣìṣẹ́ tàbí nítòsí ilé rẹ̀, tara ẹni tí wọ́n bá sì fi ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó kàn ṣèèṣì tẹ̀lé iṣẹ́. Níbo ni ọkọ̀ yín ń sùn?

Alásè_Peckham

Iwájú ilé mi.

Àgbẹ̀_Norfolk

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́. Jíìpù mi, orúkọ èmi fúnra mi ló wà lórí ìwé rẹ̀. Owó tí mo ti san owó-orí lórí ẹ̀ ni mo fi rà á, àlòkù ni. Kọ́ńpìnnì ń san 45p fún mi lórí máìlì kọ̀ọ̀kan tí mo bá fi ṣiṣẹ́, títí dé 10,000 máìlì lọ́dún, lẹ́yìn ìyẹn ó di 25p. Ẹni tó bá rin 14,000 máìlì iṣẹ́, £5,500 ló máa wọlé fún un, kò ní san owó-orí lórí ẹ̀, kọ́ńpìnnì á sì yọ ọ́ nínú èrè. BIK kò sí. Mo ń gbé àwọn ọmọ lọ síbi tó bá wù mí, ẹnikẹ́ni ò lè bi mí.

Ìwé máìlì nìkan ló gba sùúrù. Ìwé kékeré kan wà nínú àpótí ọkọ̀ mi: ọjọ́, ibi tí mo ti gbéra, ibi tí mo dé, oníbàárà tí mo lọ rí, iye máìlì. Láti ilé sí ibi iṣẹ́ tó jẹ́ ojú kan náà lójoojúmọ́ kò sí nínú ẹ̀ o. Ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀.

Àmọ́ quad bike tí mo ń gùn nínú oko, tí kì í jáde sí títì, kọ́ńpìnnì ló ra ìyẹn. Irinṣẹ́ ni bíi katakata. VAT rẹ̀ padà, a sì yọ gbogbo iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Oníná_Leeds

Jíìpù oníná mànàmáná ńkọ́, Àǹtí? Wọ́n ní òun ló kù tó rọ̀ṣọ̀mù.

Àǹtí_Ìṣirò

BIK rẹ̀ 3% ni ní 2025/26, ó di 4% ní 2026/27, ó sì ń gòkè. Lórí £70,000, £2,100 ni wọ́n ń kà, £420 lẹ máa san ní ipele 20%. Bó bá jẹ́ tuntun, kọ́ńpìnnì lè yọ gbogbo iye rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. VAT rẹ̀ ò ní padà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣì ni. Fún Alásè, tí kò ní katakata láti fà, mo lè dúró lé e. Ọlọ́gbà tó fẹ́ fa tírélà wúwo láti Kent lọ sí Sussex kó padà lálẹ́, kó kọ́kọ́ bi àwọn tó ti gbìyànjú rẹ̀ léèrè bí bátìrì ṣe ń ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa san díẹ̀díẹ̀: hire purchase, tí ọkọ̀ á di tiyín bí ẹ bá san tán, ò dí yín lọ́wọ́, ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ lè yọ gbogbo iye rẹ̀. Lease, tí ẹ kàn yá ọkọ̀ lò, yàtọ̀. Bí ẹ bá lease ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí èéfín rẹ̀ ju 50g lọ, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ yọ 15% owó tí ẹ ń san, ìdajì VAT rẹ̀ nìkan ló sì ń padà bí ẹ bá ń fi ṣe tara yín.

Ọlọ́gbà_Kent

Mo ti rí ọ̀nà. Hard Top àlòkù ni mo máa wá, kọ́ńpìnnì á rà á. Ohun kan ló kù: wọ́n ní ọmọkùnrin kan wà ní Dartford tó máa ń de ìjókòó sẹ́yìn ọkọ̀ báyìí, pé kí n ra van, kí n gba VAT, kí n wá gbé e lọ bá a lẹ́yìn oṣù mélòó kan...

Àǹtí_Ìṣirò

Ẹ má gbé e lọ o! Coca-Cola ti gbìyànjú ẹ̀. Àwọn van tí wọ́n de ìlà ìjókòó kejì sí ni wọ́n fún òṣìṣẹ́ wọn, Vauxhall Vivaro àti Volkswagen Kombi. Wọ́n jà á dé ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ní 2020 ilé-ẹjọ́ sì ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni gbogbo wọn, torí kò ṣeé sọ mọ́ pé ẹrù ni wọ́n wà fún jù. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ yẹn gan-an ló bí òfin pick-up tuntun tí a sọ lókè. Bí ẹ bá de ìjókòó sí Hard Top, BIK van ti lọ nìyẹn, VAT tí ẹ gbà náà sì lè padà di gbèsè lọ́rùn yín, torí ẹ ti sọ ọkọ̀ akẹ́rù di ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ọlọ́gbà_Kent

Kí ni kí n wá fi máa gbé àwọn ọmọ iṣẹ́?

Oníná_Leeds

Ẹ béèrè èyí tó ní ìjókòó mẹ́ta níwájú, ó wà, ti àárín yẹn kéré ṣá. Tàbí kí van àtijọ́ yẹn máa gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà oko, kí Defender wá máa wọ inú ẹrẹ̀.